Bí Ìgè Ọdẹ Ṣe Wá Àwọn Ọmọ Ìyá Rẹ̀ Kàn

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká lábẹ́ igi odán yìí, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn sún mọ́ iwájú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń pariwo sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ẹfọ̀n tí mo ti pa ni mo fẹ́ ròyìn, ohùn mi ì bá dé ìsàlẹ̀ odò, nítorí ojú kì í tì mí láti yin ara mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi ẹfọ̀n léèrè. Ṣùgbọ́n ti òní yìí, ti Ìgè ni, Ìgè ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọ̀gá mi, ẹni tí ó kọ́ mi bí a ṣe ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹran kí ẹran tó gbé ẹsẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìparí rẹ̀, ìṣojú mi ni ó ṣe. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó tètè sùn báyìí, nítorí bí mo bá dé àárín ọ̀rọ̀, oorun kò ní ṣe é sùn mọ́.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyá Ìgè. Amọ̀kòkò ni, ní ìlú Ìgbórò. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí fún Ọdẹ́gbàmí ọdẹ, kò sì sí èyí tí wọ́n wá orúkọ fún nínú wọn, àmútọ̀runwá ni gbogbo wọn. Àkọ́bí gbé irun tí ó ta kókó wá sáyé, wọ́n pè é ní Dàda. Èkejì, obìnrin, gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn, wọ́n pè é ní Àìná. Ẹ̀kẹta fi ẹsẹ̀ jáde, bí ẹni tí ó ti fẹ́ máa rìn kí ó tó rí ilẹ̀. Ìgè nìyẹn. Ikùn kan náà ni, ọmú kan náà, ẹní kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé inú kan ni a ti ń bí ọmọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orí ń gbé wọn gbà.

Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí kú, kò pé oṣù kan tí Dàda fi wọ igbó lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Kò padà. Kí ọdún náà tó parí, Àìná gbé igbá lọ sódò. Wọ́n rí igbá létí odò, wọn kò rí Àìná. Ìgè nìkan ni ó kù, pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà bàbá rẹ̀ léjìká. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi dúró ti ìyá rẹ̀. Láràárọ̀ ni ó ń gbé e jáde sínú oòrùn, lálaalẹ́ ni ó ń gbé e wọlé. Gbogbo ìyá tí ó wà ní Ìgbórò ni ó ń fi í ṣe àdúrà fún ọmọ wọn. Bí wọ́n bá sì ti ń yìn ín báyìí, Ìgè a wo ilẹ̀. Àwa rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Àwẹ̀ró dàgbà dé ibi tí àgbà ń dé, ó sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, òkú yíjú padà, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Àwọn obìnrin tí ó wẹ̀ ẹ́ kò dúró wọ bàtà. Ọjọ́ kẹta, ó tún kú, ó tún padà. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó tún kú, wọn kò fi aṣọ bò ó mọ́, wọ́n kàn jókòó sí ìta tí wọ́n ń dúró. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n gbọ́ tí ó ń húkọ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí ó wọ ilé náà mọ́ àfi Ìgè. Ó sọ fún mi pé ìyá òun ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gbóná mọ́ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí amọ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé. Ní ọjọ́ kẹwàá ni ó pe Ìgè sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

"Ìgè, mo dé ẹnubodè," ni ó wí. "Oníbodè bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní mẹ́ta. Ó ní, èwo ni ó wà láyé nínú wọn, èwo ni ó wà lọ́dọ̀ àwọn? Mo ní ọ̀kan wà láyé. Ó ní, àwọn méjì yòókù ń kọ́? Èmi kò lè dá a lóhùn. Ó ní ìyá tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà kò tíì parí iṣẹ́, ó ní kí n padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rin ọ̀nà yẹn, ọmọ mi. Ọ̀nà náà jìn. Ó ti rẹ̀ mí."

Ìgè dìde, ó mú ìbọn, ó mú àpò, ó wá mi wá sílé pé kí n máa gbé ẹ̀kọ fún ìyá òun. Mo dáhùn pé n ó ṣe é. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ lásán fa ẹkùn nírù, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ bi àwọn tí ó dàgbà, ojoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí mo bá gbé ẹ̀kọ dé ẹnu ọ̀nà Àwẹ̀ró.

Ọjọ́ mélòó ni Ìgè rìn, oko ta ni ó kọjá, ìyẹn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi àsìkò ṣòfò sí. Ó rìn títí ó fi dé igbó kan tí ẹyẹ kì í ké nínú rẹ̀. Nígbà tí ó wo ilẹ̀, ó rí ipasẹ̀ ènìyàn níwájú rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí ọdẹ, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ó ti ń lọ: ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ sínú díẹ̀, àtàǹpàkò òsì ní àpá. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé ipasẹ̀ òun ni. Ibi tí kò tíì dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé ibẹ̀. Ó yà sí ọ̀tún, ipasẹ̀ náà ti yà sí ọ̀tún kí ó tó yà. Ó dúró gbọin, ó rí i pé níwájú òun, ipasẹ̀ méjèèjì dúró pa pọ̀ bí ti ẹni tí ó dúró. Ìgè sọ fún mi pé kò sí ẹranko tí ó tíì já òun láyà tó ẹsẹ̀ ara òun lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí ó lè gbà, ó sì ń tẹ ipasẹ̀ náà mọ́lẹ̀ lọ títí ó fi gbé e dé ìdí ògán ńlá kan.

Bàbá arúgbó kan jókòó lórí ògán náà. Àyà rẹ̀ kọjú sí Ìgè, ojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn. Ó dá iná sẹ́bàá ẹsẹ̀, iná náà ń jó, kò mú ooru wá. Láìyíjú padà ni ó kí Ìgè ní orúkọ, tí ó kí i ní oríkì bàbá rẹ̀, tí ó sì sọ fún un pé kò sí ẹni tí ń kọjá níbẹ̀ láìdáhùn ìbéèrè òun. Àwọn tí wọn kò rí i dáhùn ni ikán ń fi ara wọn mọ ògán tí òun jókòó lé. Ìgè wo ògán náà dáadáa. Ó rí eyín nínú rẹ̀.

"Igi kan bí ọmọ mẹ́ta," ni bàbá náà wí. "Ọ̀kan ń jẹun, kò yó rí. Ọ̀kan jáde nílé, ó gòkè lọ, kò wẹ̀yìn wò. Ọ̀kan dùbúlẹ̀ sílé, kò lọ sí ibì kankan. Ta ni wọ́n?"

Ọkàn Ìgè balẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ wà lára iná. Ó ní èyí tí kò yó ni iná, èyí tí ó lọ tí kò wẹ̀yìn ni èéfín, èyí tí ó dùbúlẹ̀ sílé ni eérú. Bàbá náà bi í pé èwo ni òun nínú àwọn mẹ́ta náà. Ìgè dáhùn pẹ̀lú ìgboyà pé eérú ni òun, òun tí òun dúró sílé ti ìyá òun nígbà tí àwọn yòókù lọ.

Bàbá náà wá sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé lóòótọ́ ni eérú máa ń wà nílé. "Ṣùgbọ́n ta ni ó tanná ran igi náà, Ìgè?"

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìgè wo ilẹ̀. Bàbá náà kò fi ikán dẹ́rù bà á. Ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti òun, Ìgè sì ti dáhùn rẹ̀. Èkejì kì í ṣe ti òun, ẹni tí ó ni ín wà níwájú. Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà kan, Ìgè sì ń lọ, kò sì sí ipasẹ̀ níwájú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà náà gbé e dé Ìlú Adákẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń gún iyán, ọmọ odó ń lọ sókè sódò, kò dún. Àkùkọ na ọrùn, ó ya ẹnu, kò sí ohùn. Àwọn ọmọdé ń sáré lé ara wọn kiri, bí ìgbà tí òjìji bá ń ṣeré. Ojú gbogbo wọn rẹwà, ṣùgbọ́n láti imú dé àgbọ̀n, awọ lásán ni, ó ń dán, kò sí ẹnu níbẹ̀. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń jẹ iyán náà. Mo bi Ìgè, ó ní òun kò dúró wò ó.

Aṣọ́bodè ìlú náà gbé igbá kan sí abẹ́ àgbọ̀n Ìgè, ó sì ń dúró. Nígbà tí ó pẹ́, ó yé Ìgè pé ohùn òun ni aṣọ́bodè ń fẹ́ gbà. Ìgè fẹ́ padà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìgbórò ń bẹ lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ sì wà lórí ẹní, tí kò kú, tí kò yè. Ó tẹ orí ba. Nǹkan kan yọ ní ọ̀fun rẹ̀, ó bọ́ sínú igbá, ó ń fò níbẹ̀ bí àfòpiná. Aṣọ́bodè dé igbá, Ìgè sì wọlé láìní ohùn, òun tí ó jẹ́ pé bí ó bá sọ ìtàn ọdẹ, ọjà a tú.

Wọ́n mú un lọ sí ilé kan tí ó kún fún ìkòkò láti ilẹ̀ dé àjà. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní ìdérí, wọ́n fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, àwọn ìdérí náà sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ohùn àwọn ará ìlú ni ó wà nínú wọn. Obìnrin kan jókòó láàárín wọn, irun rẹ̀ ti funfun, àwọn ènìyàn sì ń kúnlẹ̀ fún un bí wọ́n ti ń kọjá. Òun nìkan ni ó ní ẹnu ní ìlú náà, ó sì pa á dé. Nígbà tí ó gbé orí sókè, Ìgè rí àpá bí okùn tí ó yí ọrùn rẹ̀ ká, àpá tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìgè jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àìná kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó mú ìkòkò kékeré kan wá tí eruku ti bò, ó fi èékánná ya amọ̀ ẹnu rẹ̀, ó ṣí i. Ohùn tí ó jáde nínú rẹ̀, ohùn ọmọge ọdún méjìlélógún ni. Arúgbó jókòó níbẹ̀, ètè rẹ̀ kò mì, ọmọge sì ń sọ̀rọ̀.

"Ìgè, mo wà lẹ́yìn ògiri lọ́jọ́ tí bàbá ń kú lọ. Mo gbọ́ ohun tí ó sọ fún ọ. Mo sì gbọ́ ohun tí o jáde lọ sọ fún ìyá. O dì mí mú lẹ́yìn ilé, o ní bí mo bá tú u síta, o ó pa ara rẹ. Àbúrò mi ni ọ́, n kò fẹ́ kí o kú. Ṣùgbọ́n n kò lè máa wo ojú ìyá láràárọ̀ kí n má sọ ọ́. Mo wá ibi tí a kì í ti í sọ̀rọ̀. Mo rí i."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba. Nígbà tí Ọdẹ́gbàmí ń kú lọ, Dàda wà lóko. Ìgè nìkan ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà. Ọdẹ́gbàmí fa ìbọn rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pé kí ó gbé e fún Dàda. Ìgè jáde síta, ó sọ fún gbogbo ilé pé òun ni bàbá fún ní ìbọn, pé bàbá kò dárúkọ Dàda rárá. Ìbọn náà wù ú ni. Kò sí ìdí mìíràn. Ẹni ogún ọdún ni, ìbọn sì wù ú. Dàda gbọ́ pé bàbá òun kú láìdárúkọ òun, ó sì gba igbó lọ.

Ohùn inú ìkòkò náà ń fẹ́lẹ́ lọ. Ó sọ fún Ìgè pé òun ní ọkọ ní ìlú yìí, òun sì ní ọmọ mẹ́rin, pé kò sí ẹni tí ó gbé ohùn sókè sí òun rí láti ọgbọ̀n ọdún, òun kò sì ní padà sílé. Kí ó sọ fún ìyá pé òun wà láàyè. Ó júwe ibi tí Dàda wà, ó ní kí Ìgè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún un, kí ó má ṣe rán ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni ohùn tán. Àìná gbé ìkòkò òfìfo náà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgè sunkún jáde nínú ìlú náà láìdún. Nígbà tí aṣọ́bodè sì da ohùn rẹ̀ padà sí i lọ́fun, ẹkún tí ó ti sun nínú ìlú ni ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí Dàda wà, ilẹ̀ kì í ṣú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán ibẹ̀ rí bí eérú. Kùrukùru bo ilẹ̀ dé orúnkún. Ìgè kò tíì rìn jìnnà tí ẹtu kan fi jáde, ó dúró, ó ń wò ó. Ihò wà ní ọrùn ẹtu náà, Ìgè sì mọ ihò náà, nítorí òun ni ó dá a sí i, ní ọdún tí iná jó ọjà Ìgbórò. Ìmàdò kan jáde, ìfun rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e bí ìtàkùn. Ọ̀bọ jáde, àgbọ̀nrín jáde. Ẹfọ̀n kan jáde tí kò ní orí, ọrùn rẹ̀ gé pátá; orí ẹfọ̀n yẹn ni ó wà lára ògiri iwájú ilé Ìgè, tí gbogbo àlejò máa ń fọwọ́ kàn. Gbogbo ẹran tí ó ti pa láti ọgbọ̀n ọdún ni ó jáde wá, wọ́n jókòó yí i ká bí ẹ ṣe jókòó yí mi ká yìí. Wọn kò bú, wọn kò kan án. Wọ́n kàn ń wò ó. Ìgè pe ọfọ̀ tí ó fi ń di ojú ẹran. Ọfọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ bí itọ́.

Lẹ́yìn wọn ni Dàda ti dìde. Irun rẹ̀ ti gùn kọjá ẹsẹ̀, ó ti wọ inú ilẹ̀ bí gbòǹgbò, ẹyẹ sì kọ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá rìn, ilẹ̀ ń là, irun náà a sì máa tẹ̀lé e. Ọmọ ọdẹ ni, ṣùgbọ́n òun ni ó ń tọ́jú ẹran níbẹ̀: èyí tí ọdẹ bá pa láyé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń wá, a sì máa fọ ojú ọgbẹ́ fún un. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó wo Ìgè, kò bínú, kò yọ̀, ó béèrè bóyá ìyá wọn ti kú. Ìgè ro ọ̀rọ̀ oníbodè fún un. Dàda gbọ́ ọ tán, ó ní kí ó lọ sọ fún ìyá pé òun wà láàyè, pé ibi tí òun wà tẹ́ òun lọ́rùn. Ó ní kí àwọn ẹran là fún un, wọ́n sì là.

Iṣẹ́ tí ìyá rán Ìgè parí síbẹ̀. Ó ti mọ ibi tí àwọn méjèèjì wà. Ó yíjú, ó ń lọ sílé, ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Ó ka ogún ìṣísẹ̀. Ó sọ fún mi pé ogún ìṣísẹ̀ náà wúwo ju gbogbo ẹfọ̀n tí òun ti gbé rí lọ. Ó dúró. Ó padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí, "irọ́ ni mo pa. Bàbá kò fi ìbọn yìí sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin ni ó ní kí n gbé e fún."

Gbogbo ẹran dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Dàda gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dúró, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó mọ́.

"Kí ni ó sọ?" ni Dàda béèrè. "Má fi ọ̀rọ̀ tìrẹ kún un. Bí ó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kí o sọ ọ́."

Ìgè di ojú. Ọgbọ̀n ọdún ni ó ti fi ń gbìyànjú láti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kò sì gbàgbé ẹyọ kan. "Ó ní, 'Bí Dàda bá ti oko dé, gbé ìbọn yìí fún un. Sọ fún un pé n kò yìn ín tó. Sọ fún un pé gbogbo ìgbà tí àwa méjèèjì jọ wọ igbó, òun a máa lọ níwájú, èmi a máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọkàn mi a sì balẹ̀.'"

Àwọn ẹyẹ fò jáde nínú irun Dàda. Ó jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń gba inú irun rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ, ẹfọ̀n tí kò ní orí sì wá fi ọrùn rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgè kúnlẹ̀ níbi tí ó wà, ó ń retí ìwo. Nígbà tí ó pẹ́ gan-an, Dàda na ọwọ́, ó gba ìbọn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kórìíra òkú tí kò ṣẹ̀ mí," ni ó wí. "Bí o bá sì ti gbé ìbọn yìí fún mi nígbà náà, bí ìwọ gan-an ni n ó ṣe rí lónìí, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni n ó ti máa rí àwọn wọ̀nyí. N kò mọ̀ bóyá ayé mi ni o gbà lọ́wọ́ mi, tàbí ìwọ ni o fún mi ní ayé mi. N kò ní dárí jì ọ́ lónìí, Ìgè. Ṣùgbọ́n o padà. Mo rí i pé o padà."

Ó ri ìbọn náà mọ́lẹ̀ títí dé ìdí. Ìgè sì rìn jáde láàárín àwọn ẹran tí ó pa, ẹ̀mí wọn ń fẹ́ sí i lára, ó tutù.

Àwẹ̀ró jókòó lórí ẹní nígbà tí ó dé. Èmi ni mo gbé ẹ̀kọ wá lọ́jọ́ náà, mo sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ó bá burú, ẹ bá mi wí. Ìgè sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Nígbà tí ó dé orí irọ́ tí ó pa, kò sáré sọ ọ́. Ìyá náà kò dá a dúró. Nígbà tí ó parí, ohun tí ìyá náà kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tí ń bá Dàda tọ́jú irun rẹ̀. Ìgè ní ẹyẹ ni. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó béèrè bóyá ọkọ Àìná ń tọ́jú rẹ̀, Ìgè ní ó dà bí ẹni pé ó ń tọ́jú rẹ̀.

"Ìwọ ni o tú ilé mi ká," ni Àwẹ̀ró wí. "Ìwọ náà ni o sì ń gbé mi jáde sínú oòrùn. Bí oníbodè bá bi mí nípa tìrẹ, kí ni kí n sọ?"

"Ẹ sọ pé mo wà láyé, ìyá mi. Ẹ sọ pé mo ti jẹ́wọ́. Ẹ sì sọ fún un pé ó pẹ́ kí n tó jẹ́wọ́."

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kọjú sí ògiri. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kú. A dúró títí oòrùn fi kọjá àtàrí, a dúró títí ó fi wọ̀. Kò padà mọ́.

Ọjọ́ kejì ikú rẹ̀ ni a sin ín. Kí a tó gbé e wọlẹ̀, Ìgè dúró níwájú gbogbo ìlú, ó sọ ẹni tí ó ni ìbọn. Àwọn kan ṣépè fún un. Àwọn kan kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí ó kan kí a da erùpẹ̀, àwọn àgbà ní kí ó bù ú, nítorí òun nìkan ni ọmọ tí ó wà nílé. Ó kọ̀. Ó ní àkọ́bí ni ó ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀, òun kò sì ní gba ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n bú u. Ó ká ọwọ́ gbera, ó dúró.

Ọ̀sán gangan ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹtu kan jáde láti inú igbó ẹ̀yìnkùlé, ó ń bọ̀ láàárín èrò. Ihò wà ní ọrùn rẹ̀. Ogún ajá ni ó wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tí ó gbó. Ọdẹ mẹ́rìnlá ni ó wà níbẹ̀, èmi náà sì wà nínú wọn, ìbọn ń bẹ léjìká mi. Ẹtu náà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, irun ara rẹ̀ kan ẹsẹ̀ mi, n kò sì rántí pé ọdẹ ni mí. Ó dé etí ilẹ̀ náà, ó fi pátákò rẹ̀ wa erùpẹ̀ sórí Àwẹ̀ró, ó yíjú, ó sì padà sínú igbó.

Bí ó ti ń wọ igbó lọ ni ohùn kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Àwọn tí ó ń sunkún ya ẹnu, kò dún. Ewé kò mì. Ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ kan dìde fúnra rẹ̀ létí kòtò, ó rọra wọlẹ̀, kò ró. Lẹ́yìn náà ni ẹkún padà sí wa lẹ́nu.

Nígbà náà ni Ìgè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu tirẹ̀, ó ṣe ìkẹta.